Kírédì tí mo sá fún

Ẹ̀yin ará, ọpẹ́ ló gbé mi dìde, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ jẹ́wọ́ ìwà òmùgọ̀ mi. Lẹ́tà tí mo gbà ní ìlà mẹ́sàn-án. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni mo kà nínú rẹ̀, ọ̀rọ̀ kan náà ni mo sì ń sá fún fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko. Ọlọ́run tó yọ mí, ọwọ́ èmi fúnra mi ló ti yọ mí.

Ẹ mọ̀ mí. Èmi ni télọ̀ tó wà lẹ́yìn àdúgbò Jonquet, èmi náà ni mo máa ń ka lẹ́tà Faransé fún ẹ̀yin tí ẹ kò lọ sílé ìwé. Ọdún méjì péré ni mo lò lọ́dọ̀ àwọn fadá, mi ò sọ fún yín rí. Ibi tó bá yé mi ni mo máa ń kà. Tí mo bá dé ibi tí kò yé mi, màá wúkọ́, màá sì fò ó. Ẹni tí mo bá ti ka lẹ́tà fún rí, kó jọ̀ọ́ kó tún gbé e lọ sọ́dọ̀ ẹlòmíràn.

Nígbà tí òyìnbó kan gbé ẹ́ńjìnì kékeré wá sí àdúgbò wa, tó ń ta iná fún wa láti ilé dé ilé, èmi náà gba iná. Gílóòbù kan ṣoṣo. Wọ́n kan àpótí dúdú kan mọ́ ògiri mi, tó ń ka iye iná tí mo bá lò. Àwo pẹlẹbẹ kan wà nínú rẹ̀ tó máa ń yí. Bí mo bá tan iná, tí mo rí i tó ń yí, àyà èmi náà á bẹ̀rẹ̀ sí í yí. Ìwọ̀nba ìgbà tí mo bá fẹ́ ki òwú bọ abẹ́rẹ́ ni mo ń tàn án, kíá ni màá sì ti pa á.

Ìyàwó mi á ní, "Bàbá Àlábá, ṣé iná lẹ gbà ni, àbí mànàmáná?"

Ṣùgbọ́n oṣooṣù ni mo ń san iye tí wọ́n bá ní kí n san. Mi ò bi wọ́n bí wọ́n ṣe ṣírò rẹ̀. Ta ni kò fẹ́ràn ara rẹ̀ tí yóò máa bi òyìnbó ní ìbéèrè?

Bí lẹ́tà ṣe dé nìyẹn. Mo rí orúkọ mi, mo rí ẹgbẹ̀rún méjì fáráǹkì, mo sì rí kírédì. Ó parí! Ta ni kò mọ kírédì ní Kútọnu yìí? Ṣọ́ọ̀bù tí mo ti ń ra òwú ní ọjà Missèbo, wọ́n kọ ọ́ gàdàgbà sẹ́nu ọ̀nà pé àwọn kì í ta kírédì. Kírédì ni àwìn, àwìn ni gbèsè. Mo ti jẹ iná òyìnbó láwìn, ẹgbẹ̀rún méjì! Nísàlẹ̀, wọ́n ní kí n yọjú sí gíṣẹ́, fèrèsé tí a ti ń sanwó. Mo ní, àháà, ibẹ̀ ni wọ́n ti fẹ́ mú mi.

Ó yẹ kí n gbé lẹ́tà náà lọ bá ẹni tó mọ̀wé jù mí lọ. Ṣùgbọ́n ojú ń tì mí. Ṣé èmi tí gbogbo ìjọ ń gbé lẹ́tà wá bá ni kí n wá máa gbé tèmi káàkiri?

Òṣìṣẹ́ kan ṣoṣo ni ilé-iṣẹ́ iná náà ní, Mùsé Pédúrò, ọmọ Àgùdà láti Àjàṣẹ́. Òun ló ń ka àpótí, òun ló ń gbowó ní gíṣẹ́, bí wáyà bá sì já, òun náà ló ń gun òpó. Kẹ̀kẹ́ ló ń gùn. Bí mo bá ti gbọ́ agogo kẹ̀kẹ́, abẹ́ tábìlì ni ẹ ó ti bá mi.

Lọ́jọ́ kan, mo wà níbẹ̀ tí mo di ẹnu mú, mo gbọ́ ohùn rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà.

"Ẹ káàsán, Ìyá. Bàbá ńkọ́?"

Ìyá Àlábá ní, "Ó lọ sí Fidjrossè."

"Kí ló lọ ṣe níbẹ̀?"

"Ó lọ wo òkun."

"Télọ̀? Ó lọ wo òkun?" "Ọ̀rọ̀ ìwé rẹ̀ ni mo bá wá, òun fúnra rẹ̀ ló gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí i. Bí òkun bá dá a padà, ẹ sọ fún un pé mò ń retí rẹ̀."

Fọwọ́ síwèé! Bí mo bá rí ẹni tó wọ kákí, mo ti rò pé jàǹdámù, ọlọ́pàá ìjọba, ni. Mo rán apá aṣọ mọ́ ibi tó yẹ kí ọrùn wà, ẹni tó ni aṣọ ní ṣé mo fẹ́ pa òun ni. Mò ń ronú pé maṣíìnì mi ni wọ́n máa kọ́kọ́ gbé, maṣíìnì kan ṣoṣo tí èmi, ìyàwó àti ọmọ márùn-ún ń jẹ lára rẹ̀. Mo wá pinnu pé kí wọ́n tó gbé e, kí n tà á fúnra mi.

Ọjọ́ Àìkú yẹn ni mo dìde níbí, mo ní kí ẹ gbàdúrà fún mi, pé àwọn alágbára kan ń lépa mi. Mi ò sọ pé ilé-iṣẹ́ iná ni. Ẹ̀yin gba ààwẹ̀ ọjọ́ mẹ́ta! Màmá Lúsíà, ẹ̀yin tí ẹ ò mu omi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ foríjì mí. Nígbà tí ẹ parí ààwẹ̀, Bàbá Ìjọ gbé ọwọ́ lé mi lórí, wọ́n ní, "Olúwa, àwọn tó ń lé e yìí, jẹ́ kí wọ́n pàdé rẹ̀ lójúkorojú!" Àmín yín fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣí òrùlé. Èmi nìkan ni mi ò ṣàmín. Mo ní nínú ọkàn mi, Olúwa, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gbọ́ ìyẹn.

Lọ́jọ́ kejì, mo gbé maṣíìnì rù, ó di Missèbo. Ọmọ Ìjẹ̀bú kan tó ń ta aṣọ òkìrìkà yẹ̀ ẹ́ wò, ó ní ẹgbẹ̀rún kan lòun lè san. Mo fẹ́ sunkún. Ibẹ̀ ni mo ti gbọ́ agogo kẹ̀kẹ́ lẹ́yìn mi.

"Bàbá Télọ̀! Ẹ dúró!"

Mo gbé maṣíìnì mi padà sórí, mo sá. Ẹni tó bá rò pé ó rọrùn, kó lọ gbé tirẹ̀ rù kó sáré wò. Bí pẹ́pẹ́yẹ ni mo ń ṣe láàárín ọjà, ọmọ Ìjẹ̀bú ń pariwo pé, "Bàbá, mo ti fi igba lé e o!"

Mùsé Pédúrò fi kẹ̀kẹ́ dínà mọ́ mi. Mo kúnlẹ̀ tẹrùtẹrù. Ọmọ tí mo lè bí, mo ń pè é ní ẹ̀yin.

"Mùsé, ẹ ṣàánú mi. Mo fẹ́ ta èyí, màá san kírédì yín."

"Kírédì wo?"

Mo yọ lẹ́tà náà látinú fìlà mi. Ó kà á, ó wò mí, ó tún kà á. Ó ní, "Bàbá, ìgbàkígbà tí mo bá wá ka àpótí yín, gbogbo yín ti lọ sí ìjọ, ilé yín á tì. Mo kàn ń fojú bu iye tí ẹ ń san ni. Oṣù tó kọjá ni mo tó ráyè kà á, iná tí ẹ lò kò tó ìdajì ohun tí ẹ ti san. Kí lẹ̀ ń fi gílóòbù yẹn ṣe gan-an?"

Ẹ̀yin ará, àdúrà tí mo ní kí Ọlọ́run má gbọ́, òun gan-an ló gbọ́. Maṣíìnì mi wà nílé, mo sì wà lórí ìdúró níwájú yín. Ẹ bá mi gbé E ga, ẹ bá mi yọ̀, bí ẹ bá sì fẹ́ fi mí rẹ́rìn-ín, ẹ ṣe é, mo gbà. Orí ìkúnlẹ̀ ni mo ṣì wà nínú ọjà yẹn nígbà tí Mùsé Pédúrò fà mí dìde, ó bá mi gbọn iyanrìn lórúnkún, ó ní:

"Bàbá, kírédì ti ṣọ́ọ̀bù, ẹ̀yin lẹ jẹ ẹ́. Kírédì inú ìwé wa, àwa la jẹ yín. Ẹ gbé maṣíìnì yín lọ sílé, kí ẹ lọ tan iná."