Àkísà Pupa Tí Mo Tú Lẹ́nu Àpò Kajú

Orí ebè ni mo wà ní oko bàbá mi lẹ́bàá Alafiarou nígbà tí fóònù mi dún. Bio ló pè mí. Bio ni ẹni tí wọ́n fi rọ́pò mi nílé ẹrù kajú tí mo ti ń ṣiṣẹ́ ní Tchaourou. Tonton ni gbogbo wọn níbẹ̀ ń pè mí, bí ẹni ń pe ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀.

"Tonton, àwọn tó ń ra kajú ní Kútọnu ti ṣí àwọn àpò yẹn. Wọ́n ní kajú inú rẹ̀ ti bu. Ọ̀gá ní ọlọ́pàá jándámù ló máa bá mi sọ ọ́. Tonton, kí ni mo ṣe?"

Mo ní kó fọkàn balẹ̀. Ṣùgbọ́n mo mọ ẹni tó ṣe é. Èmi ni.

Ẹ̀yin tí ẹ ń ka ọ̀rọ̀ yìí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì bínú. Ó ti lé lọ́dún kan tí nǹkan yìí ti wà nínú mi. Mi ò sọ fún ìyàwó mi. Mi ò sọ fún lèmọ́mù wa. Mo ń sọ ọ́ báyìí nítorí pé kò sẹ́ni tó tún lè tì mí mọ́lé nítorí rẹ̀, síbẹ̀ ara mi ò balẹ̀. Mi ò ní dárúkọ ara mi, mi ò sì ní dárúkọ ọ̀gá. Bio gan-an, èèyàn tó ń jẹ́ Bio pọ̀ níbí, ẹ má wulẹ̀ máa wá a. Ẹ gbà mí láyè kí n ṣọ́ra. Ìbẹ̀rù kì í tètè jáde lára.

Ṣùgbọ́n kí ó yé yín láti ìbẹ̀rẹ̀: mi ò wá tọrọ àforíjì lọ́wọ́ ọ̀gá. Mi ò ní tọrọ rẹ̀ láéláé.

Ọ̀pọ̀ ọdún ni mo fi tọ́jú ẹrù fún un. Àwọn àgbẹ̀ ń gbé kajú wá láti Goro, láti Kika, láti ọ̀dọ̀ wa ní Alafiarou. Èmi ni mo ń là á wò, èmi ni mo ń sọ èyí tó gbẹ àti èyí tí kò gbẹ. A ní àṣà kan nílé ẹrù náà. Àpò tí kajú inú rẹ̀ ṣì tutù, a máa ń so àkísà pupa mọ́ ọn lẹ́nu. Kò sẹ́ni tó gbọdọ̀ gbé àpò alákìísà sínú ọkọ̀. A ó tún dà á sóòrùn títí yóò fi máa dún wòròwòrò tí a bá bù ú lọ́wọ́. Ẹni tó ń tọ́jú ẹrù nìkan ló lè tú àkísà náà. A kì í kọ nǹkan kan sílẹ̀. Tí kò bá ti sí àkísà, àwọn tó ń ru ẹrù á gbé e, wọn ò ní bi ẹnikẹ́ni.

Láti ìgbà tí mo ti wọ iṣẹ́ náà, mi ò gba kóńjé rí, ìyẹn ìsinmi tí òfin ní kí ọ̀gá san owó rẹ̀ fún òṣìṣẹ́. Lásìkò kajú, ta ló fẹ́ sinmi? Tí òjò bá sì dé, tí kajú tán, ọ̀gá á rán èmi àti àwọn tó ń ru ẹrù lọ sí oko rẹ̀ ní Goro. Àwọn á máa ro abẹ́ igi, èmi á máa bójú tó wọn, èmi ni mo sì ń bá ọ̀gá san owó àwọn alágbàro. Iṣẹ́ ni mo kà á sí. Ṣé ẹ̀yin ò ní kà á sí iṣẹ́ ni?

Nígbà tí bàbá mi kú, kò sẹ́ni tó máa dúró ti oko. Mo sọ fún ọ̀gá ṣáájú pé mo fẹ́ fi iṣẹ́ sílẹ̀. Inú bí i nítorí pé àsìkò kajú kò tíì parí. Lọ́jọ́ tí mo fẹ́ lọ, mo béèrè owó oṣù tó kẹ́yìn àti owó kóńjé mi. Iwájú àwọn obìnrin tó ń ṣa kajú ló ti dá mi lóhùn.

"Kóńjé wo? Gbogbo oṣù òjò tí o fi ń nà gbalaja lábẹ́ igi mi ní Goro ńkọ́? Ìwọ gan-an ló yẹ kó san owó ibòòji fún mi!"

Àwọn obìnrin náà bú sẹ́rìn-ín. Ọ̀kan nínú wọn tiẹ̀ ní, "Tonton, ẹ tètè san án o, kí wọ́n tó fi owó atẹ́gùn kún un." Ọ̀gá wá ní owó oṣù tó kẹ́yìn, òun á fi dípò kajú tí eku jẹ. Kí n fi ilé ẹrù han Bio, kí n máa lọ.

Èmi kì í ṣe ẹni tó ń pariwo. Mo mú Bio wọlé. Kò pẹ́ tí wọ́n pè é síta pé kó wá bá wọn já ẹrù. Ó ku èmi nìkan níwájú àwọn àpò alákìísà tí òjò àkọ́rọ̀ bá lọ́nà. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í tú àkísà náà. Mo tú u lẹ́nu gbogbo wọn, mo kó o sínú àpò ṣòkòtò mi.

Nígbà tí Bio padà wọlé, ó wo àwọn àpò náà, ó wò mí. Ó ti ru ẹrù níbẹ̀ fún ọdún púpọ̀, ó mọ àṣà wa. Ó ní, "Àwọn wọ̀nyí ti gbẹ ni?" Mo ní, "Wọ́n ti gbẹ."

Ó ní, "Ẹ ṣé, tonton. Ọlọ́run á bá yín ṣe oko náà."

Mo máa ń sọ fún ara mi pé mi ò rántí Bio nígbà yẹn, pé ojú ọ̀gá nìkan ni mò ń rí. Irọ́ ni. Mo rántí rẹ̀. Mo kàn gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan ni.

Lẹ́yìn náà, mo lọ sí Parakou, sí ọ́fíìsì ìjọba tó ń gbọ́ ẹjọ́ òṣìṣẹ́. Obìnrin kan ló gbọ́ tiwa. Ọ̀gá wá, ó sì tún sọ̀rọ̀ ibòòji náà. Obìnrin náà bi í pé ta ló ń san owó àwọn alágbàro ní Goro. Ọ̀gá gbé àyà sókè, ó ní, "Òun náà ni, madáàmù. Mo fọkàn tán an." Obìnrin náà bọ́ awò ojú rẹ̀. Ó ní, "Mùsíọ̀, ṣé ẹni tó wà ní kóńjé ló ń bá yín san owó iṣẹ́?"

Ọ̀gá san án. Owó oṣù àti kóńjé, ó san gbogbo rẹ̀. Lẹ́nu géètì ó sọ fún mi pé owó náà á padà wá bá òun. Iṣẹ́ ọwọ́ mi ni mo gbà. Bí wọ́n bá tún ní kí n bọ́ síwájú obìnrin náà lọ́la, màá tún gbà á.

Kò pẹ́ sí i ni Bio pè mí lóko, bí mo ṣe sọ níbẹ̀rẹ̀. Ọ̀gá ń sọ káàkiri pé òun á ti ẹni tó ba ẹrù òun jẹ́ mọ́lé, pé tí òun bá rí ọwọ́ mi níbẹ̀, màá pọ owó kóńjé mi jáde. Jándámù pè mí. Wọ́n bi mí bí mo ṣe fi ẹrù sílẹ̀. Mo ní mo fi gbogbo rẹ̀ han Bio. Òótọ́ ni, àbí? Nígbà tí mo délé, mo sun àwọn àkísà náà. Mo kó ìyàwó mi, a lọ sọ́dọ̀ àwọn àna mi ní Kika, torí pé ibẹ̀ sún mọ́ ààlà. Tí nǹkan bá le, màá kọjá sí Nàìjíríà.

Bio wá mi dé ibẹ̀. Wọ́n ti lé e níṣẹ́. Owó oṣù tó kẹ́yìn àti owó kóńjé gbogbo ọdún tó fi ru ẹrù, ọ̀gá ní òun á fi dí àdánù òun.

Ó ní, "Tonton, ẹ̀yin lẹ mọ bí wọ́n ṣe ń bá a jà. Èmi náà lọ sí Goro lọ́dọọdún, ẹ mọ̀ ọ́n. Ẹ bá mi dé Parakou, kí ẹ jẹ́rìí fún mi."

Mo ní orúnkún ń dùn mí.

Ìyàwó mi wò mí. Ó ní, "Baálé mi, orúnkún tó gbé yín dé Kika láàárín ọjọ́ kan?"

Bio rẹ́rìn-ín, ó ní kí ìyàwó mi fi mí sílẹ̀, àgbà ti ń dé sí mi. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbọ́ mi yé. Bí mo bá tẹ̀lé e, ìbéèrè kan péré ni obìnrin Parakou yẹn máa bi wá: ta ló sọ pé àwọn àpò náà ti gbẹ?

Nígbà tó tún padà wá, ó ti rù díẹ̀. Kò jókòó. Ó ní òun kò lè dá lọ sí Parakou, òun ò mọ bí wọ́n ṣe ń sọ̀rọ̀ níbẹ̀. Òun ti lọ bá ọ̀gá níwájú àwọn jándámù. Òun gbà pé òun ni kò fiyè sí ẹrù. Òun fi owó oṣù sílẹ̀, òun fi kóńjé sílẹ̀, ọ̀gá sì ti fa ọwọ́ ẹjọ́ náà sẹ́yìn.

Ó ní, "Ó ti tán, tonton. Ẹ lè máa padà lọ sílé. Mo sọ fún wọn pé ẹ ò mọ nǹkan kan nípa rẹ̀."

Mo ní, "O ṣé, Bio."

Ohun tí mo sọ nìyẹn. A di ẹrù wa lọ́sàn-án ọjọ́ náà. Mo sì sùn dáadáa ní Alafiarou, ẹ gbọ́, mo sùn bí ẹni tí wọ́n gbé òkúta kúrò láyà rẹ̀.

Ọ̀gá kò rí nǹkan kan gbà lọ́wọ́ mi, kò sì ní rí i. Bio ni mo jẹ ní gbèsè. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin tí ẹ kà á débí, ẹ sọ fún mi: ọ̀rọ̀ wo ni màá kọ́kọ́ sọ tí mo bá dé ẹnu ọ̀nà rẹ̀?