Ojú Ìwé Tí Mo Fò Nínú Ìtàn Dáàmù

Ẹ̀yin òǹkàwé, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì dá mi lẹ́jọ́. Ó ti tó ọdún márùn-ún tí mo ti ń gbé ọ̀rọ̀ yìí sínú. Mi ò lè gbé e mọ́, nítorí wọ́n fẹ́ wó dáàmù náà lóṣù tó ń bọ̀.

Albany Park ní Chicago ni èmi àti ọkọ mi ń gbé. Nígbà tí náírà ṣubú, tí ilé ò lè fi owó ilé-ìwé ránṣẹ́ mọ́, mo gba iṣẹ́ ìtọ́jú arúgbó. Ọ̀dọ̀ ìyá òyìnbó kan ní ìlú Aurora, nítòsí Chicago, ni wọ́n fi mí sí. Ojú rẹ̀ ti fọ́, ṣùgbọ́n ara rẹ̀ yá mọ́ni. Ọmọ òun ló ń pè mí.

Ẹni tó bí bàbá bàbá rẹ̀ ló kọ́ dáàmù sí odò wọn nígbà tí ibẹ̀ ṣì jẹ́ igbó, kí omi lè máa yí ọlọ àgbàdo. Ìyá fẹ́ sọ ìtàn náà fún ará ìlú. Ó ní kí n máa ka ìwé tí bàbá náà fọwọ́ ara rẹ̀ kọ sí òun létí.

Mo kà á dé ibì kan, mo wá ń fi ojú nìkan kà á. Bàbá náà kọ ọ́ pé àwọn àlejò ti dé láti wá wo bí ọlọ yóò ṣe yí. Pítà, òṣìṣẹ́ rẹ̀, ṣì wà nísàlẹ̀, ó ń to òkúta. Bàbá ò dúró kó jáde. Ó ní kí wọ́n ṣí omi. Omi gbé Pítà há sábẹ́ òkúta ìpìlẹ̀, ní ìhà ìwọ̀-oòrùn. Àfi kí wọ́n tú dáàmù kí wọ́n tó lè yọ ọ́. Wọn ò tú u. Wọ́n sọ fún ìyàwó Pítà pé ọkọ rẹ̀ sá lọ.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbọ́ mi yé. Níbi tí wọ́n ti tọ́ mi, ẹni tó bá ka àbùkù baba àgbàlagbà sí i létí, ó bú u ni. Mo fo ojú ìwé náà. Mo wá ń ki bàbá náà bí a ṣe ń ki baba nílé: akọni tó dá odò dúró, ẹni tó bọ́ ìlú yó. Ìyá sunkún ayọ̀. Inú mi dùn, òmùgọ̀ tí mo jẹ́.

Lọ́jọ́ tí ìyá sọ ìtàn náà fún ará ìlú, bàbá kan fọ̀pá dìde. Ó ní ìran Pítà ni òun, pé títí dòní, ọmọ ìsáǹsá ni wọ́n ń pe àwọn. Ó béèrè bóyá ìwé náà dárúkọ Pítà.

Ìyá ní, "Ọmọ mi ló kà á. Ẹ bi í."

Gbogbo ojú yí sí mi. Mo ní, "Rárá, sà. Kò sí níbẹ̀."

Bàbá náà dúpẹ́ lọ́wọ́ mi. Ìyẹn ló dùn mí jù.

Mo padà ya ojú ìwé náà. Ó wà nínú àpótí mi. Ìyá ti kú, kò mọ̀. Nígbà tí mo sọ fún ọkọ mi, ó ní, "Sìkírá, leave it jàre. Ṣé ìwọ lo ṣí omi ni? Caregiver ni ẹ́, o kì í ṣe police." Ṣùgbọ́n bí mo bá ti ṣí omi fún àlùwàlá, ó máa ń dà bíi pé ẹnìkan ń kan òkúta nísàlẹ̀. Ẹ̀rù ń bà mí. Ọkọ mi ló ń bá mi bu omi sínú búùtà báyìí.

Katapílà ni yóò kó òkúta dáàmù náà, wọ́n ní kòtò ojú ọ̀nà ni wọn yóò fi dí. Egungun Pítà yóò bá a lọ. Bí mo bá sọ̀rọ̀, mo dójú ti òkú tó pè mí lọ́mọ. Bí mo bá dákẹ́, wọn yóò fi baba ẹlòmíràn tẹ́ títì.

Bàbá ìran Pítà tó fọ̀pá dìde lọ́jọ́ yẹn ṣì wà láàyè. Mo ti dúró lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, tí mo sì padà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí nímọ̀ràn: bó bá ṣílẹ̀kùn, kí ni kí n kọ́kọ́ sọ?