Àṣàbí Lórí Àtẹ̀gùn Kẹrin

Ìgbà tí mo ń wí yìí, irun orí mi ṣì dúdú, ẹsẹ̀ mi ṣì ń sáré. Ṣèyí, o ti tẹ fóònù rẹ? Ó ń gba ohùn mi sílẹ̀? Ó dáa. Ẹ bi mí pé kí ló dé tí èmi màmá àgbà yín fi máa ń dìde kúrò ní yàrá nígbàkúùgbà tí fóònù yìí bá ń kọ́ Ṣèyí ní do sí fa. Ẹ jókòó, ẹ̀yin ọmọ ọmọ mi. Màá sọ ọ́.

Láyé ìgbà yẹn, ní ṣọ́ọ̀ṣì àwa Yorùbá ní àdúgbò Djidjolé nílùú yìí, kò sí fóònù tó ń kọ́ èèyàn lórin. Dùùrù kan ṣoṣo la ní, èyí tí wọ́n ń fẹsẹ̀ tẹ̀ kí afẹ́fẹ́ lè wọ inú rẹ̀. Bàbá Dùùrù la ń pe ọ̀gá akọrin wa. Ẹ gbọ́... bàbá yẹn le! Lọ́sàn-án Ọjọ́bọ̀, tá a bá ti dé láti école, ilé ìwé wa, yóò ní ká kọjú sí ògiri, ká dijú. Yóò tẹ do, yóò tẹ ohùn mìíràn, yóò bi wá pé, "Àtẹ̀gùn kelòó nìyẹn?" Ẹni tó bá mọ̀ ọ́n á dáhùn: ẹ̀kẹta ni, mi. Ẹ̀karùn-ún ni, so. Nígbà tó bá yá, do nìkan ni yóò tẹ̀, àwa la máa fi ẹnu wá ohùn tó bá dárúkọ. Nísinsìnyí ní Agoè níbí, ariwo zémì, àwọn ọ̀kadà yìí, ò jẹ́ kéèyàn gbọ́ ohùn ara rẹ̀. Nígbà yẹn, a máa ń gbọ́ bí wọ́n bá ń fa omi kànga lójúlé kẹta.

Ibẹ̀ ni Àṣàbí ti wá bá wa. Ọmọ Kétu ni, ọ̀dọ̀ àbúrò ìyá rẹ̀ ló ń gbé ní àdúgbò Kégué. Kò kọ́ orin lọ́dọ̀ dùùrù kankan rí, ìyá rẹ̀ ló kọ́ ọ. Gbogbo àtẹ̀gùn ló mọ̀ àfi ẹyọ kan. Tó bá dé orí ẹ̀kẹrin, orí fa, tirẹ̀ á ga ju ti dùùrù lọ díẹ̀, bí ìgbà téèyàn fi ọmọ ìka ẹsẹ̀ dúró. Bàbá Dùùrù á pariwo: "Àṣàbí! Sọ̀ ọ́ kalẹ̀!" Ọmọ náà á ní, "Ẹ jọ̀ọ́, Bàbá, ibẹ̀ ló wà."

Ibẹ̀ ló wà lóòótọ́. Èmi mọ̀. Ní école wa, dùùrù mìíràn wà lọ́dọ̀ àwọn ma sœur, àwọn obìnrin ìjọ Àgùdà tó ń kọ́ wa. Fa tibẹ̀ àti ti Àṣàbí, ọ̀kan náà ni. Ti ṣọ́ọ̀ṣì wa ló ti wálẹ̀. Ó ń wálẹ̀ díẹ̀díẹ̀ lọ́dọọdún, etí gbogbo wa sì ń bá a wálẹ̀, kò sẹ́ni tó fura.

Ọjọ́ kan, Bàbá Dùùrù yíjú sí mi. "Felisité, ìwọ tó o létí, ta ló tọ̀nà nínú èmi àti ọmọ yìí?" Kí ni mo sọ? Orin àdákọ Kérésìmesì wà nílẹ̀, èmi tàbí Àṣàbí ni wọ́n máa fún. Mo ní, "Ẹ̀yin ni, Bàbá." Àṣàbí wò mí. Kò bú mi. Ó kàn wò mí.

Wọ́n yọ ọ́ kúrò nínú ẹgbẹ́, ó sì padà sí Kétu. Kí òjò ọdún yẹn tó dá, ìròyìn dé pé ó ti kú. Wọ́n ní ibà ni. Èmi náà gbà pé ibà ni...

Ọjọ́bọ̀ tó tẹ̀ lé e, Bàbá Dùùrù gbàdúrà fún un, ó wá ní ká kọjú sí ògiri. Oòrùn ń ràn, adìẹ ń jẹ̀ lóde. Ó tẹ do. Ó ní, "Fa!" A kọ ọ́. Fa kan ga láàárín wa. Ẹ gbọ́ mi... gbogbo wa la mọ ohùn yẹn. Kò sẹ́ni tó bojú wẹ̀yìn. Ó ní ká máa kọ ọ́ lọ́kọ̀ọ̀kan, kí ẹni tó bá ti kọ tirẹ̀ jókòó. Wọ́n ń jókòó, wọ́n ń jókòó, títí ó fi ku èmi nìkan. Mo la ẹnu. Ohùn Àṣàbí ló jáde.

Mi ò sín in jẹ, mo búra fún yín. Ọ̀fun mi tutù bí ẹni gbé yìnyín mì. Bàbá Dùùrù pa dùùrù dé, ó lọ sílé láì mú fìlà rẹ̀.

Òun fúnra rẹ̀ ló ránṣẹ́ pe alátùn-únṣe dùùrù kan ní Àjàṣẹ́. Ọkùnrin náà tú àpótí dùùrù yẹn, ó fa ahọ́n irin kékeré kan yọ, ó ní afẹ́fẹ́ òkun ti jẹ ẹ́. Ó tún un ṣe, ó tẹ̀ ẹ́. Ibi tí Àṣàbí sọ pé ó wà gan-an ló wà. Bàbá Dùùrù sunkún bí ọmọdé. Èmi ńkọ́? Mo tún dákẹ́. Mo kọ orin àdákọ náà, wọ́n sì pàtẹ́wọ́ fún mi. Wọ́n ní ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́. Èmi dákẹ́, ti Àṣàbí ló bá mi dákẹ́.

Mo ti bímọ mẹ́ta kí n tó lè lọ bá ìyá rẹ̀ ní Kétu. Gbágùúdá ló ń bó. Mo kúnlẹ̀, mo ro gbogbo rẹ̀. Kò gbójú sókè. Ó ní, "Ó sọ fún mi. Ó ní ẹnìkan wà níbẹ̀ tó gbọ́." Mo bú sẹ́kún. Ó ní, "Dákẹ́. Kọ ọ́ kí n gbọ́." Mo kọ do, mo kọ fa. Ọ̀bẹ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó dijú, ó ní, "Àṣàbí, o mà pẹ́ o. Wọlé."

Ha... ayé ti yí. Fóònù ló ń sọ fún yín lónìí pé ẹ kọ ọ́ dáadáa tàbí ẹ ṣì í kọ, kò bẹ̀rù ẹnikẹ́ni, kò bá yín du orin àdákọ. Ẹ̀yin ọmọ mi, bí etí yín bá gbọ́ òtítọ́, ẹ jẹ́ kí ẹnu yín tètè sọ ọ́, nígbà tí ẹni tó ni ín ṣì wà láyé. Torí láti ọjọ́ Kétu yẹn, bí mo bá gbọ́ fa, mo gbọ́dọ̀ dìde kúrò láàárín yín, kí n kọ́kọ́ bi Àṣàbí kí n tó la ẹnu kọrin: èmi ni, àbí ìwọ?