Abọ́ Ló Fọ́

Ní ọ̀sán ọyẹ́ kan níbi tí wọ́n ń pè ní Changli, oorun ń kùn mí níbi tí mo ti ń dúró de fóònù mi lọ́dọ̀ atúnṣe, nígbà tí Hájíà àgbàlagbà kan gbé kọ̀ǹpútà tó fi ìborùn wé wọlé.

"Ohùn bàbá àwọn ọmọ mi wà nínú ẹ̀. Ó ki oríkì àwọn ọmọ-ọmọ wa síbẹ̀ kó tó kú. Bó bá ti kì wọ́n díẹ̀, ojú kọ̀ǹpútà á di búlúù, ohùn á dákẹ́. Mi ò tàn án mọ́, kí èyí tó kù má baà tán."

"Hájíà, ohùn kì í tán bí epo àtùpà."

Atúnṣe yọ pátákó tẹ́ẹ́rẹ́ méjì tí wọ́n ń pè ní ráàmù nínú rẹ̀, ó fi írésà nu ẹnu wọn. Ó ki ọ̀kan padà, kọ̀ǹpútà ṣiṣẹ́. Ó fi èkejì rọ́pò rẹ̀, ojú di búlúù.

"Èyí ló ń dákú."

"Yéè! Ṣé òun ló gbé ohùn ẹ̀ dání?"

"Rárá. Abọ́ tí kọ̀ǹpútà fi ń bu ohùn fún yín bí ẹni bu tùwó nìyí. Abọ́ ló fọ́, ìkòkò tí ohùn wà nínú ẹ̀ ò fọ́."

Ó sọ ọ́ jẹ́jẹ́, bí ẹni ń rẹ ọmọ lẹ́kún, ó sì ki èyí tó dára padà.

"Ṣé kí n tan ohùn bàbá?"

"Ó di ilé. Mi ò fẹ́ kó jí sáàárín èrò."

Atúnṣe fẹ́ ju èyí tó bàjẹ́ nù, Hájíà na ọwọ́.

"Kò wúlò mọ́, Hájíà."

Hájíà gbà á, ó so ó mọ́ etí ìborùn rẹ̀. "Mo mọ̀. Àmọ́ ó ti bu ohùn ẹ̀ fún mi rí."