Kíbọ́ọ̀dù Orí Tábìlì Aránṣọ

Láàárọ̀ ọjọ́ Ajé kan, èmi àti aránṣọ kan pẹ̀lú Àlàájà tó jẹ́ oníbàárà rẹ̀ la jọ jókòó sẹ́yìn ọkọ̀ tó ń ti Apòmù lọ sí Ìkirè.

"Aṣọ tí o rán fún mi," Àlàájà ní, "kí ni gbogbo ìlà funfun tó wà lẹ́yìn rẹ̀ yẹn? Mo ti wọ̀ ọ́ jáde kí wọ́n tó sọ fún mi!"

"Ẹ má bínú, mà. Kíbọ́ọ̀dù mi ni."

"Kí ni kíbọ́ọ̀dù ń wá lára aṣọ mi?"

"Mi ò ní kíbọ́ọ̀dù, mà. Ṣọ́ọ̀kì tí mo fi ń sàmì sí aṣọ ni mo fi yà á sórí tábìlì. Mo ń wo bí àwọn olórin ṣe ń tẹ̀ ẹ́ nínú fídíò orí fóònù. Bí áyọ́ọ̀nù bá ń gbóná lọ́wọ́, èmi náà á máa tẹ tèmi. Tí mo bá tẹ́ aṣọ lé e, á pa rẹ́, á sì lẹ̀ mọ́ aṣọ náà. Màá tún un yà lọ́jọ́ kejì."

"Tábìlì tí kò dún?"

"Kò dún rí! Ṣùgbọ́n lánàá, ẹni tó ń tẹ̀ ẹ́ fún wa ní ṣọ́ọ̀ṣì kò wá. Ni mo bá dìde. Mi ò fọwọ́ kan ojúlówó rí láyé mi. Àlàájà, ó dún! Ọwọ́ mi ti mọ̀nà kí etí mi tó gbọ́!"

Ọwọ́ mi ti mọ̀nà kí etí mi tó gbọ́. Gbólóhùn yẹn ò kúrò lẹ́nu mi títí dòní.

Àlàájà wò ó, ó gbé báàgì rẹ̀ lé e lórí itan. "Ó yá, tẹ̀ ẹ́ kí n rí i."

Ìka mẹ́wẹ̀ẹ̀wá bẹ̀rẹ̀ sí í sáré lórí báàgì. A ò gbọ́ nǹkan kan látinú báàgì, ṣùgbọ́n awakọ̀ pa rédíò rẹ̀ kó lè gbọ́ dáadáa.