Mo Jẹun ní Ọjọ́ Kẹfà

Wọ́n ti dájọ́ ikú fún mi. Abẹ́rẹ́ ni wọ́n fi ń pa irú wa ní Texas níbí, kì í ṣe okùn. Inú àhámọ́ ní Dallas ni mo ṣì wà, mò ń retí ọkọ̀ tí yóò gbé mi lọ sí ọgbà àwọn tó ń dúró de ikú. Mi ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni káàánú mi. Ẹni tí mo pa kò rí àyè bẹ̀bẹ̀, nítorí náà èmi náà ò ní bẹ̀bẹ̀. Ẹ ṣáà jẹ́ kí n sọ̀rọ̀ mi tán.

Lọ́yà mi wá lọ́jọ́ Ẹtì. Obìnrin dáadáa ni, ó sì mọ iṣẹ́ rẹ̀. Ó ní a ṣì lè pe ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn, ṣùgbọ́n ọ̀nà kan ṣoṣo ló kù: kí n dúró lórí ohun tí mo sọ ní kọ́ọ̀tù, pé ṣe ni Suresh, ẹni tí mo pa, ń halẹ̀ mọ́ mi, pé ó fẹ́ gba nǹkan lọ́wọ́ mi kó tó lè bo àṣírí mi.

Mo ní, "Irọ́ ni mo pa."

Ó gbé bíírò rẹ̀ sílẹ̀. "Má sọ bẹ́ẹ̀ fún ẹlòmíì. Tí o bá sọ ọ́, ọwọ́ ara rẹ lo fi ti ilẹ̀kùn yẹn."

Mo ní kó fún mi ní ìwé. Ìwé náà lẹ ń kà yìí.

Ọmọ ọdún mọ́kànlélógún ni mí nígbà tí mo dé yunifásítì kan ní àríwá India láti kọ́ iṣẹ́ kọ̀ǹpútà. Tíṣà ni ìyá mi ní Òṣogbo. Kí n tó wọ bàálù, wọ́n dì mí lọ́wọ́ mú, wọ́n ní, "Ìwé ni kó o kà o. Má bá wọn dá sí nǹkan kan." Ìwé ìrìnnà mi náà sọ bẹ́ẹ̀, pé àlejò ò gbọdọ̀ ṣe òṣèlú. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta péré ni mo fi gbọ́ràn.

Yàrá ìjẹun ni mo ti pàdé Suresh. Ó tẹ́ẹ́rẹ́, ó wọ awò, aṣọ rẹ̀ kún fún ọ̀dà tí wọ́n fi ń kọ nǹkan sára ògiri. Ó fi ìwé pélébé kan sí ẹ̀gbẹ́ àwo mi.

"Kí lèyí?"

"Kà á. Tí o kò bá gbà, wá sọ ibi tí mo ti ṣìnà fún mi."

Kò sẹ́ni tó bá mi sọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ rí láti ìgbà tí mo ti dé ìlú yẹn. Ní ìgboro, àwọn ènìyàn ń fi àwọ̀ mi ṣe yẹ̀yẹ́, wọn ò fẹ́ fún wa nílé gbé. Nínú ẹgbẹ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yẹn, kọ́mírédì ni wọ́n ń pè mí, wọ́n sì fún mi ní búrọ́ọ̀ṣì pé kí n wá kun ògiri. Orí koríko la máa ń jókòó sí láti jiyàn lórí ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo nínú ìwé pélébé títí oòrùn á fi wọ̀. Mo fẹ́ràn wọn. Mo ṣì fẹ́ràn wọn báyìí, kì í sì í ṣe ẹjọ́ ikú ló máa mú mi sẹ́ wọn.

Ní ọdún kejì, yunifásítì fi kún owó ilé gbígbé àwọn akẹ́kọ̀ọ́. Meena ló kọ́kọ́ dìde sọ̀rọ̀. Ọmọ àgbẹ̀ ni, kò ga, ṣùgbọ́n ohùn rẹ̀ ń dún. Òun lẹni àkọ́kọ́ tó dé yunifásítì ní abúlé rẹ̀. Ó ní tí owó yẹn bá dúró, òun ń lọ sílé, gbogbo ọmọbìnrin bíi tòun náà ń lọ. A bẹ àwọn aláṣẹ, wọn ò dáhùn. Ẹgbẹ́ pinnu pé a ó fi ebi jà. Ènìyàn méje yóò jókòó sábẹ́ tapólì níwájú ọ́fíìsì ọ̀gá àgbà yunifásítì, wọn ò ní jẹun títí àwọn aláṣẹ yóò fi dá owó yẹn padà sí bó ṣe wà. Omi àti iyọ̀ nìkan la ó máa mu.

Mo nawọ́ sókè. Suresh ní, "Ìwọ kọ́. Wọ́n á dá ẹ padà sílé." Mo fàáké kọ́rí. Mo ní tí ìjà yìí bá jẹ́ tiyín nìkan, ẹ gba búrọ́ọ̀ṣì yín. Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe di ẹni keje. Mi ò kábàámọ̀ ọwọ́ tí mo nà yẹn, mi ò sì ní kábàámọ̀ rẹ̀ láéláé.

Bí a ṣe ń ṣe é nìyí. Láràárọ̀, akẹ́kọ̀ọ́ ìṣègùn kan máa ń gbé òṣùwọ̀n wá. A ó gun orí rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, Suresh á kọ ìwọ̀n wa sínú ìwé kan, wọ́n á tún fi ẹfun kọ ọ́ sára pátákó kí gbogbo ayé lè rí bí a ṣe ń fọn. Bí ó bá rẹ ẹnìkan, á dìde, ẹlòmíì á jókòó sí àyè rẹ̀. Kò sí ìtìjú níbẹ̀. Àṣà wa ni.

Ní ọ̀sán ọjọ́ kẹfà, Bọ̀dá Fẹ́mi wá kí mi. Ọmọ Ìbàdàn ni, ó ti pẹ́ ní yunifásítì yẹn jù mí lọ. Ó gbé fúláásìkì kan lọ́wọ́. Ó fi Gẹ̀ẹ́sì sọ ọ́ sókè pé, "Omi oníyọ̀ ni mo gbé wá fún un." Lẹ́yìn náà ló wá rẹ ohùn sílẹ̀ ní Yorùbá.

"Gaàrí ni. Mo ti fi mílíìkì sí i. Mu ún."

"Bọ̀dá mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbé e lọ."

"Màmá ẹ pè mí, wọ́n ń sunkún. Ṣé ibi tí wọ́n rán ẹ wá láti fi ebi para ẹ nìyí? Àwọn wọ̀nyí ò mọ gaàrí. Kò sẹ́ni tó máa mọ̀."

Ó fi í sílẹ̀, ó lọ. Mo gbé e lọ sẹ́yìn ilé tí a ti ń wẹ̀, mo ṣí i, òórùn gaàrí Ìjẹ̀bú bá gbà mí nímú. Mo mu ún tán. Kò sí ohun tó dùn mọ́ mi lẹ́nu tó bẹ́ẹ̀ rí láyé mi. Mo sọ fún ara mi pé ẹ̀ẹ̀kan péré ni. Ní ọjọ́ kejì, Bọ̀dá Fẹ́mi tún gbé e wá, mo tún mu ún.

Ní àárọ̀ ọjọ́ keje, kí fúláásìkì kejì tó dé, àwọn mẹ́fà yòókù gun òṣùwọ̀n, ìwọ̀n gbogbo wọn ti wálẹ̀. Èmi gùn ún, ìwọ̀n tèmi gòkè sí i. Suresh wo òṣùwọ̀n, ó wò mí. Ó ti bá mi mu gaàrí ní yàrá mi rí, òun nìkan ló mọ̀ ọ́n nínú gbogbo wọn, ó sì ti rí fúláásìkì. Ó tẹrí ba, ó kọ ìwọ̀n tó kéré sínú ìwé rẹ̀, ó pe irọ́ yẹn sókè fún ẹni tó ń kọ pátákó. Ìgbà tó ku àwa méjì, ó ní:

"Ìjà yìí ni mo purọ́ fún, kì í ṣe ìwọ. Dìde lónìí. Sọ pé ó rẹ̀ ẹ́. Kò sẹ́ni tó máa bínú sí ẹ."

Mo ní màá dìde lọ́la. Ṣùgbọ́n àwọn oníwèé ìròyìn ti ya àwòrán mi, ọmọ Áfíríkà tó ń fi ebi jà nítorí àwọn ọmọ àgbẹ̀ India. Àwọn ọmọbìnrin ń wá bọ̀ mí lọ́wọ́. Ó dùn mọ́ mi nínú. Ọ̀la kò dé.

Ní ọjọ́ kẹsàn-án, Meena ń bì, omi ò dúró nínú rẹ̀ mọ́. Suresh kúnlẹ̀ tì í, ó ń bẹ̀ ẹ́ pé kó dìde, pé àwọn mẹ́wàá ló ń dúró láti gba àyè rẹ̀. Meena nawọ́ sí mi.

"Wo òun. Ó ti òkè òkun wá, kì í ṣe ọmọ àgbẹ̀ bíi tèmi. Wo bí ojú rẹ̀ ṣe mọ́. Bí òun bá lè fara dà á, èmi ni kí n kọ́kọ́ dìde?"

Suresh gbójú sókè wò mí. Ó ń dúró. Mo mọ gbólóhùn kan ṣoṣo tó lè gbé Meena dìde níbẹ̀. Mi ò sọ ọ́. Mo kàn ní, "Ó dáa kí o sinmi," mo sì wo ilẹ̀.

Ní ọjọ́ kejìlá, àwọn aláṣẹ gbà. Owó yẹn padà síbi tó wà. A borí, ó sì tọ́ kí á borí. Wọ́n gbé mi sí èjìká kiri ọgbà yunifásítì. Ilé ìwòsàn ni wọ́n gbé Meena lọ. Kíndìnrín rẹ̀ ti bàjẹ́. Kí òjò ọdún kejì tó dé, ó ti kú ní abúlé wọn. Suresh pè mí láti sọ fún mi. Mo ní Ọlọ́run mọ ìdí, mo pa fóònù.

Mo wá sí Amẹ́ríkà. Mo ríṣẹ́ kọ̀ǹpútà ní Irving, mo fẹ́ Bùsọ́lá tó jẹ́ nọ́ọ̀sì, a ra ilé sí Rowlett, létí adágún omi. A ń lọ sí ìjọ kan ní Sachse. Lọ́jọ́ ìsinmi kan, Pásítọ̀ ní kí ẹni tó bá ti gbààwẹ̀ tó lágbára rí wá jẹ́rìí. Bùsọ́lá fi ìgúnpá tì mí. "Ẹ lọ sọ ti India fún wọn."

Mo jáde. Mo yọ Meena kúrò nínú ọ̀rọ̀ náà, mo yọ ọ̀gá yunifásítì kúrò, mo yọ ìjà kúrò pátápátá. Mo ní Ọlọ́run ló ní kí n gbààwẹ̀ ọjọ́ méjìlá láìjẹun rárá, ó sì fún mi níṣẹ́gun. Ìjọ hó yèè. Láti ọjọ́ yẹn ni orúkọ mi ti di Bàbá Aláàwẹ̀. Tí oṣù kìíní bá dé, èmi ni mò ń darí ààwẹ̀ gbogbo ìjọ. Àwọn tó dàgbà ju bàbá mi lọ ń dọ̀bálẹ̀ pé kí n gbàdúrà fún àwọn. Orí irọ́ ni mo dúró sí, mo sì ń tàn bí ìràwọ̀.

Ìgbà tí mo ti lo ọdún mẹ́jọ ní Amẹ́ríkà ni Suresh gba iṣẹ́ ní ilé tí mo ti ń ṣiṣẹ́ ní Irving. Ó dì mọ́ mi. Ó wá sílé wa, ó jẹun, ó bá ọmọ mi ṣeré. Lẹ́yìn oúnjẹ, a jáde sẹ́yìn ilé, ó ní:

"Mò ń kọ nǹkan kan. Ìwé òṣùwọ̀n yẹn ṣì wà lọ́wọ́ mi. Èmi ni mo kọ irọ́ sínú rẹ̀. Ìyá Meena ò tíì mọ ìdí tí ọmọ rẹ̀ ò fi dìde."

"Kí lo fẹ́ gbà?"

Ó wò mí bí ẹni tí kò gbọ́ èdè tí mo sọ. "Gbà? Mo fẹ́ kí o wá bá mi kọ ọ́ ni. Àwa méjèèjì la ṣe é."

"Ọmọ Áfíríkà kan ṣoṣo ló wà níbẹ̀, Suresh. Gbogbo ayé á mọ̀."

"Bẹ́ẹ̀ ni," ó ní. "Wọ́n á mọ̀."

Mo ní kó fún mi ní ọ̀sẹ̀ kan. Ó fún mi.

Lọ́sàn-án ọjọ́ Sátidé, mo mọ̀ pé ó máa ń bá àwọn ará India gbá kíríkẹ́ẹ̀tì ní pápá kan. Mo wakọ̀ lọ sí apátímẹ́ǹtì rẹ̀. Kì í ti ilẹ̀kùn ẹ̀yìn. Ìwé òṣùwọ̀n ni mo wá jí, mi ò wá pa ẹnikẹ́ni. Mo rí i nínú àpótí tábìlì. Bí mo ṣe ń yí padà, Suresh ti wọlé. Orúnkún ló ń dùn ún, ló fi tètè padà. Kò pariwo. Ó gbé igi kíríkẹ́ẹ̀tì rẹ̀ ti ògiri.

"Gbé e sílẹ̀," ó ní, "jẹ́ kí n se tíì."

Ó na ọwọ́ gba ìwé náà, ó dì í mú. Mo fà á, kò fi í sílẹ̀. Mo gbé igi, mo gbá a. Ó ṣubú, ó pe orúkọ mi. Mo tún gbá a títí kò fi pe orúkọ mi mọ́. Kì í ṣe Èṣù ló gbé igi yẹn. Ọwọ́ mi ni, mo sì ń rí gbogbo rẹ̀ bí mo ṣe ń ṣe é.

Mo ju ìwé náà sínú adágún. Lọ́jọ́ kejì, mo lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Kámẹ́rà ẹnu ọ̀nà aládùúgbò rẹ̀ kan ti rí mi, àwọn ọlọ́pàá sì mú mi lẹ́yìn ìsìn níbi ìgbọ́kọ̀sí, níwájú Bùsọ́lá àti ọmọ mi.

Ní kọ́ọ̀tù, mo búra, mo sì ní Suresh ló ń halẹ̀ mọ́ mi. Ìyá rẹ̀ ti India wá, ó ń jókòó síbẹ̀ lójoojúmọ́ pẹ̀lú ògbufọ̀. Lẹ́yìn ìdájọ́, wọ́n ní kó sọ̀rọ̀. Ó dojú kọ mí. "Ọmọ mi ò gba ohun tí kì í ṣe tirẹ̀ rí. O pa á, kò tó ẹ. O tún wá sọ ọ́ di olè." Ó jókòó. Láti ọjọ́ yẹn ni mi ò ti lè sùn.

Màmá Suresh, ọmọ yín ò gba nǹkan kan lọ́wọ́ mi. Ó ní kí n wá bá òun sọ òótọ́ ni. Màmá Meena, nítorí mi lọmọ yín ò ṣe dìde. Lọ́la, lọ́yà mi yóò gba ìwé yìí lọ fún kọ́ọ̀tù, mo sì ti sọ fún un pé mi ò pe ẹjọ́ kankan mọ́.

Pásítọ̀ náà wá wò mí. Ó ní òun fẹ́ fi ọ̀rọ̀ mi kọ́ àwọn ọ̀dọ́ ìjọ, pé ẹgbẹ́ àwọn tí kò mọ Ọlọ́run ní India ló bà mí jẹ́. Mo ní, "Ẹ dákun, sà, ẹ ò gbọdọ̀ sọ bẹ́ẹ̀. Inú ẹgbẹ́ yẹn, wọ́n ní kí n dìde, kí n sọ pé ó rẹ̀ mí. Inú ìjọ wa, ẹ ní kí n wá jẹ́rìí sí i." Ó dìde, ó lọ. Kò tíì padà wá.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, wọn yóò fi mí dẹ́rù bà yín. Bí wọ́n bá fi kún owó ilé ìwé yín, tí ẹ bá fẹ́ jáde, wọn yóò ní kí ẹ rántí ẹni tí wọ́n gún lábẹ́rẹ́ ní Texas. Ẹ sọ fún wọn pé èmi alára ni mo ní irọ́ ni. Ẹ jáde. Ẹ jókòó níwájú ọ́fíìsì wọn. Ṣùgbọ́n bí ebi bá pa yín, ẹ jẹun lójú gbogbo ènìyàn, kí ẹ sì fi àyè sílẹ̀ fún ẹlòmíì. Ìjà kọ́ ló pa Meena, ìjà kọ́ ló pa Suresh. Èmi ni.