Ikọ́ Ṣùkúrát Kì í Ṣe Ti Àlùjọ̀nnú

Ààfáà, ẹ má wulẹ̀ ní kí n jókòó! Mo ti jókòó tó lórí kápẹ́ẹ̀tì mọ́ṣáláṣí yìí. Ẹ jẹ́ kí n wà lórí ìdúró kí n sọ ọ́, torí láti ọjọ́ Jímọ́ọ̀ mi ò fojú kan oorun. Ṣùkúrát, àbúrò mi, tí ẹ̀yin fúnra yín kọ́ ní álífù, tó jẹ́ pé òun ló ń mú àwọn ọmọ kéékèèké kéwú bí ẹ bá lọ sí Ìjokò, òun lẹ wá ní kó dúró síta lójú fèrèsé, kó máa ka Kùránì lọ́jọ́ wòlímọ̀ rẹ̀? Síta! Bí ẹni tó wá ṣagbe! Kí ló ṣe? Ó wúkọ́. Ó wúkọ́ ni o!

Wọ́n ní àlùjọ̀nnú ló wà lára rẹ̀. Wálàhí, nígbà tí Màmá Hàlímọ̀tù tó ń gbálẹ̀ mọ́ṣáláṣí sọ ọ́, mo rò pé ẹ máa bá a wí ni. Ẹ mi orí. Ẹ kàn mi orí, Ààfáà, ọ̀rọ̀ náà sì ti dé gbogbo àdúgbò Joju kí n tó wọ bàtà mi tán. Lánàá, ìyá tó ń ta búrẹ́dì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé wa fa ọmọ rẹ̀ sẹ́yìn nígbà tí Ṣùkúrát ń kọjá. Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún! Ó wọlé, ó ká hìjáàbù funfun tí a rán fún wòlímọ̀, ó tì í sí ìsàlẹ̀ àpótí. Kò sunkún. Ká ní ó sunkún ni, ara ì bá tù mí.

Àlàájì Sàlàkọ́ fi kápẹ́ẹ̀tì yìí ṣe sàráà fún ìyá rẹ̀ tó kú, kí Ọlọ́run gbà á. Ó nípọn, ó pupa, ẹsẹ̀ ń rì sínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n fún ọdún mẹ́ta, ta ló gbọ̀n ọ́n rí? Ìṣó lẹ fi kàn án mọ́lẹ̀. Àràárọ̀ ni Màmá Hàlímọ̀tù ń fi ìgbálẹ̀ gbígbẹ gbá a, eruku á gbéra, á lọ kí òrùlé, á tún padà wá balẹ̀ síbi tó ti dìde, wọ́n á ní àwọn ti gbálẹ̀. Ibẹ̀ sì la ń forí kàn, ibẹ̀ la ń fimú kàn! Níbi iṣẹ́ wa ní Sángo, níbi tí a ti ń lọ ike, ọ̀gá wa ò fẹ́ràn wa, ẹ̀yin náà mọ̀, síbẹ̀ ó fún wa ní ìbòmú, ó ra ẹ̀rọ tó ń fa eruku. Ṣé ọ̀gá yẹn ló wá láàánú ju ilé Ọlọ́run lọ?

Èmi ni mo bẹ̀bẹ̀ pé ká fọ̀ ọ́. Èmi! Ibi tó ń dùn mí jù nìyẹn. Èmi ni mo pọn omi lọ́jọ́bọ̀, kẹ́ẹ̀gì mọ́kànlá. Mo ní ká tú ìṣó, ká gbé e sá sórí ògiri. Ẹ ní rárá, Àlàájì ń bọ̀ lọ́la, kò gbọdọ̀ bá ilẹ̀ lásán. A da omi ọṣẹ sí i níbi tó wà, òjò dé, iná ò sí, fáànù ò yí, ẹ tún ní ká ti fèrèsé pa. Kí ló máa wá gbẹ ẹ́? Nígbà tó máa di àárọ̀ Jímọ́ọ̀, ó ti ń rùn bí aṣọ tí wọ́n gbàgbé sínú báàfù. Kàkà ká ṣí fèrèsé, tùràrí lẹ ní kí wọ́n sun! Abọ́ mẹ́rin! Àlàájì wọlé, ó fa imú, ó ní, "Ilé Ọlọ́run ń ta sánsán!" Gbogbo wa rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín.

Lẹ́yìn kọ́tìnì àwọn obìnrin, Ṣùkúrát ń wá èémí. Ó forí kanlẹ̀, kò lè gbórí sókè mọ́. Àwọn tó rí i ní òórùn tùràrí ló ń lé àlùjọ̀nnú inú rẹ̀, wọ́n bá gbé abọ́ sún mọ́ ọn! Astagfirúláì! Èéfín, fún ẹni tí kò rí afẹ́fẹ́ mí! Dókítà ní Ìyànà Ìyẹsí bi mí pé, "Kí lẹ fín sí i nímú?" Ásímà ni, Ààfáà. Láti kékeré ni. Ẹ mọ̀! Ẹ̀yin lẹ ṣàdúrà sí omi tó mu nígbà tó wà lọ́mọ ọdún mẹ́fà.

Ọjọ́ Àìkú ni wòlímọ̀. Ẹ gbé ẹ̀rọ gbohùngbohùn, kí ẹ sọ fún gbogbo èèyàn pé ọmọ yìí ò ní àlùjọ̀nnú. Kí ẹ sì jẹ́ kí n ká nǹkan yìí kúrò, ká jókòó lórí ẹní. Inú Àlàájì á bàjẹ́? Kó bàjẹ́! Sàráà tó ń gba èémí lọ́wọ́ ọmọ ọlọ́mọ, ṣé ìyẹn ló máa tu ìyá rẹ̀ lára ní sàréè? Bí ẹ bá kọ̀, mo fi Ọlọ́run búra, síta lèmi náà máa tẹ́ ẹní mi sí, lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ká wo ẹni tó máa lé mi.

Ẹ ní ó ti gbẹ? Ó gbẹ lójú ni! Ẹ wò ó, ìṣó kan ti tú níbí, ẹ jẹ́ kí n ṣí etí rẹ̀. Ẹ tẹ̀ ba, ẹ wo ìsàlẹ̀. Ó ti bu bí búrẹ́dì ọjọ́ márùn-ún! Ẹ sún mọ́ ọn, ẹ gbọ́ òórùn rẹ̀...

Ẹ pẹ̀lẹ́. Ẹ pẹ̀lẹ́ o. Ẹ rọra. Háà! Ààfáà, ẹ̀yin náà ń wúkọ́! Ẹ má bínú, ẹ̀rín ló gbà mí lẹ́nu, ẹ̀rín tí mi ò rín láti ọjọ́ Jímọ́ọ̀. Ṣé kí n lọ pe Màmá Hàlímọ̀tù kó gbé tùràrí wá ni?

Ẹ fún mi lọ́wọ́ yín. Ẹ dìde, ẹ jẹ́ ká jáde síta. Afẹ́fẹ́ wà níbẹ̀. Ibẹ̀ náà lẹ ní kí Ṣùkúrát dúró.